Rófà ń sọ pé "Fixed", àmọ́ ojú kan náà kò dúró síbì kan: kí ló ń fà á?

Igun4 kọ pé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awọnlẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ kan wà tí mò ń wọ̀n lọ́wọ́. Igi ńláńlá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilé alájà mẹ́ta wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àárín rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbalasa. Orí òrùlé ọ́fíìsì ni béèsì wa (ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tó dúró sójú kan) wà, nǹkan bíi kìlómítà 8 sí ibi iṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àtúnṣe rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rófà, ẹ̀rọ tí mò ń gbé rìn lórí ọ̀pá láti fi wọ̀n ilẹ̀.

Ní gbalasa, kò sí wàhálà kankan. Tí mo bá sún mọ́ igi tàbí ògiri, á di "Float" (ìṣirò rẹ̀ kò tíì dájú), á pẹ́ kó tó padà di "Fixed" (ó ní ó ti dá òun lójú), ìgbà tó bá sì padà, nọ́ńbà tó máa gbé jáde lè fi 15 cm yàtọ̀ sí èyí tí mo gbà láàárọ̀ lórí ojú kan náà, ìyẹn ibi kan náà tí mo wọ̀n. Ti gíga tún burú ju ìyẹn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, sátẹ́láìtì á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan kódà ní gbalasa. Rísífà wa (ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì sátẹ́láìtì) ń gba ìgbì oríṣi méjì, L1 àti L2; GPS ti Amẹ́ríkà àti GLONASS ti Rọ́ṣíà nìkan la sì ń lò. Ọ̀gá mi ní òun fẹ́ ra tuntun. Ṣé rírà ló máa yanjú ẹ̀, àbí nǹkan kan wà tí a lè ṣe sí èyí tó wà nílẹ̀?

Ojúsánmà fèsì:
Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ sọ fún ọ̀gá kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú ná. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ síbẹ̀: ti igi àti ògiri, ti ìrọ̀lẹ́, àti ti gíga. Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti igi àti ògiri. Sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè orí wa. Nígbà tí ìgbì rẹ̀ bá fi dé ilẹ̀, agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kọjá àlà, ó kù díẹ̀ kó tó −130 dBm. Ewé tútù ń gbé lára ìyẹn mì. Ògiri ní tirẹ̀ kì í gbé e mì, ńṣe ló ń ta á padà. Áńtẹ́nà á wá gba ìgbì tó bọ̀ tààrà, á tún gba èyí tó kọ́kọ́ lu ògiri, bẹ́ẹ̀ èyí tó lu ògiri ti rin ọ̀nà tó gùn jù. Ohun tí wọ́n ń pè ní multipath nìyẹn.

Ẹ wá wo 15 cm tí ẹ sọ yẹn dáadáa. Ìgbì L1 gùn tó 19 cm, ti L2 tó 24 cm. Nígbà tí RTK, ọ̀nà ìwọ̀n tí béèsì fi ń tún ti rófà ṣe lójú ẹsẹ̀, bá ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló ń wá iye ìyípo ìgbì tó wà láàárín sátẹ́láìtì àti áńtẹ́nà, kó má dín ọ̀kan, kó má lé ọ̀kan. Tó bá rí i, á kọ "Fixed". Multipath nìkan, lórí ìyípo ìgbì L1, kì í sábà ju ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì náà lọ, ìyẹn nǹkan bíi 5 cm lórí sátẹ́láìtì kan. Nítorí náà, 15 cm ju ohun tí ìtapadà lásán sábà ń fà. Ó jọ pé rófà yín ka ìyípo ṣì ni, ó wá dá ara rẹ̀ lójú. "Fixed" èké nìyẹn. Ó léwu ju "Float" lọ, torí "Float" kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe ni pé kí n tan Galileo (sátẹ́láìtì ti Yúróòpù) àti BeiDou (ti Ṣáínà), tí rísífà yín bá lè gbà wọ́n. Níbi tí igi ti bo ìdajì ọ̀run, GPS àti GLONASS lè ṣẹ́ kù sí mẹ́fà tàbí méje, tí méjì nínú wọn sì jẹ́ aláìsàn. Tí àwọn tó kù bá pọ̀, ẹ̀rọ á ráyè mọ èyí tó ń parọ́, á sì yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo elevation mask, ìyẹn ìwọ̀n gíga lójú ọ̀run tí ẹ̀rọ kì í gba sátẹ́láìtì tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e sí dígírì 10, tàbí 15 níbi tí ògiri wà, kí sátẹ́láìtì tó ń rákò nísàlẹ̀ má baà wọlé. Mi ò ní gbé e kọjá 15 rárá. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn tó kù á kóra jọ sókè orí yín, PDOP, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìtò sátẹ́láìtì ṣe burú tó, á gòkè. PDOP tí kò tó 3 dára. Tó bá ju 6 lọ, ẹ dúró kí ọ̀run yí padà kí ẹ tó gba ojú náà.

Bíkìnì_Àtijọ́ fèsì:
Ojúsánmà ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Èmi fẹ́ sọ bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n láti ìta, nítorí ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ wa báyìí nìyí: ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ "Fixed" tó yọ lójú ẹ̀rọ ni ẹ̀rí. Kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí ẹ̀rọ rò nípa ara rẹ̀ ni. Ẹ̀rí ni pé kí ẹ gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì má mọ nǹkan kan nípa ìkíní.

Àbúrò, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Tí mo bá gba ojú kan tán, mi ò ní kàn dúró síbẹ̀ kí n tún un gbà. Màá dorí áńtẹ́nà kodò tàbí kí n tẹ bọ́tìnnì tó ń tú ìsopọ̀ ká, kó tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Tí ojú náà bá jẹ́ igun ààlà, màá padà síbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan ó kéré tán. Wákàtí méjì sàn jù, kí sátẹ́láìtì ti rìn. Tí ìgbà méjèèjì bá bára mu láàárín 2 cm ní ìbú àti òró, màá gbà á. Tí wọn ò bá bára mu, mi ò ní pín wọn sí méjì kí n mú ti àárín. Ọ̀kan nínú wọn ń parọ́, ìpín sí méjì kì í sọ irọ́ di òtítọ́. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ má sì ṣe wá lọ́la ní aago kan náà gan-an. Ètò sátẹ́láìtì GPS ń padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56. Ògiri kan náà á ta sátẹ́láìtì kan náà padà láti igun kan náà, àṣìṣe àná á tún yọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ṣáájú aago àná, ẹ ó sì rò pé nọ́ńbà méjì tó jọra ti jẹ́rìí sí ara wọn.

Ẹ ní ojú kan tí ẹ mọ kódínéètì rẹ̀ dájú nítòsí iṣẹ́. Kí ẹ fọwọ́ kàn án kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún kàn án kí ẹ tó palẹ̀ mọ́. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ti ìdí igi àti ìdí ògiri, ní tèmi, ẹ yé fi sátẹ́láìtì wọ ibẹ̀. Ẹ gba ojú méjì ní gbalasa tó ríra wọn, kí wọ́n jìnnà síra dáadáa, kí ẹ sì yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe sọ. Ẹ gbé total station (ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán wọ̀n igun àti jíjìn) sórí ọ̀kan, ẹ fi ìkejì ṣe ẹ̀yìn, ìyẹn ojú tí ẹ ó kọ́kọ́ wò láti mọ ìhà, kí ẹ wá fi ìtànṣán náà wọ̀n igun tó wà lábẹ́ igi.

Ojúsánmà fèsì:
Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìdí igi. Rísífà tó ń gba ètò sátẹ́láìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe dáadáa lábẹ́ igi tí ewé rẹ̀ kò dí, bí ẹni tó dì í mú bá ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ sọ yẹn. Ìdí ògiri ni èmi náà kò ní fi dá ẹ̀rọ kankan lójú.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́ta fèsì:
Kí a tó máa bá ọ̀run jà, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀. Ìdajì ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ìṣòro sátẹ́láìtì, ọ̀pá ló ń fà á.

Bọ́bùlù orí ọ̀pá ni àkọ́kọ́, ìyẹn afẹ́fẹ́ kékeré inú omi tó ń fi hàn bóyá ọ̀pá dúró ṣánṣán. Tí ọ̀pá mítà 2 bá fì ní dígírì 1 péré, orí rẹ̀ ti kúrò lókè ojú tí ẹ ń wọ̀n ní 3.5 cm. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ẹlẹ́sẹ̀ méjì gbé ọ̀pá dúró, ẹ mú bọ́bùlù wá sáàárín, ẹ wá yí ọ̀pá náà lójú ara rẹ̀ títí tó fi kọjú sẹ́yìn. Tí bọ́bùlù bá kúrò láàárín, ó ti yà. Ẹ fi ìṣó kéékèèké abẹ́ rẹ̀ dá ìdajì ìyàsọ́tọ̀ náà padà, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀pá dá ìdajì tó kù. Ẹ tún un yí, títí kò fi ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn rófà tó ní ẹ̀rọ tó ń mọ ìfì ọ̀pá fúnra rẹ̀ náà nílò kí a máa yẹ̀ wọ́n wò lójú tí a mọ̀.

Gíga áńtẹ́nà ló tẹ̀ lé e, pàápàá ní béèsì. Ṣé òró gangan lẹ wọ̀n, àbí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ̀ dé etí áńtẹ́nà? Ẹ̀rọ ní ibi tí a ti ń sọ èyí tí a ṣe, ọ̀pọ̀ kì í wò ó. Ẹ yan orúkọ áńtẹ́nà tó tọ́ pẹ̀lú, nítorí ibi tí áńtẹ́nà ti ń gba ìgbì kì í ṣe ìdí rẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti áńtẹ́nà kan sí òmíràn. Orúkọ tí kò tọ́ lè jẹ yín ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan nínú gíga, ẹ kò sì ní rí àmì kankan lójú ẹ̀rọ.

Ẹ sọ pé orí òrùlé ni béèsì wà. Páànù ni òrùlé náà? Páànù ń ta ìgbì padà bí ògiri. Ẹ gbé áńtẹ́nà sókè kúrò lára rẹ̀, kí ẹ lo èyí tó ní àwo irin gbàrẹ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí òrùka choke ring nísàlẹ̀, tí ń dí ìgbì tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ́nà. Ẹ tẹ̀ lé wáyà láti orí dé ìdí: ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ibi tó ti bó, ibi tí omi òjò ti wọ ìsopọ̀. Wáyà tómi wọ̀ kì í kú lójijì, díẹ̀díẹ̀ ló ń dín agbára ìgbì kù títí tí ẹ ó fi máa fẹ̀sùn kan ọ̀run.

Igun4 kọ pé:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Páànù ni o. Ìbéèrè kan: nígbà tí wọ́n gbé béèsì yẹn kalẹ̀, bọ́tìnnì "Here" ni wọ́n fi fún un ní kódínéètì. Ṣé ìyẹn lè fa 15 cm tí mò ń rí láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán?

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́ta fèsì:
Rárá, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe. "Here" ń mú ohun tí rísífà rí lásìkò yẹn láìsí àtúnṣe, ìyẹn lè fi mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yà. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn á bá gbogbo ojú tí ẹ bá wọ̀n láti béèsì náà lọ, lọ́nà kan náà, láàárọ̀ àti lálẹ́. Nítorí náà iṣẹ́ yín á bá ara rẹ̀ mu pátápátá, kò kàn ní bá ti aládùúgbò tó lo kódínéètì tòótọ́ mu. Ohun tó ń yí padà láàárín ọjọ́ kan, ẹ wá a níbòmíràn. Àyàfi tí ẹnì kan bá ń tẹ "Here" láràárọ̀: ẹ bi wọ́n ní ọ́fíìsì.

Láti tún un ṣe: ẹ jẹ́ kí béèsì gba dátà sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, odidi ọjọ́ kan ló wù mí jù. Ẹ yí i sí RINEX, irú fáìlì tí ẹ̀rọ oríṣiríṣi lè kà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń báni ṣírò kódínéètì lọ́fẹ̀ẹ́: AUSPOS ti Geoscience Australia, CSRS-PPP ti ìjọba Kánádà, tàbí OPUS ti NGS, àjọ ìwọ̀nlẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. OPUS ń fẹ́ ó kéré tán wákàtí 2 fún èyí tó péye jù. Ẹ fi sí méjì nínú wọn kí ẹ fi èsì wọn wéra. Ẹ má ṣe rán an lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀nà tí sátẹ́láìtì gbà gan-an ni wọ́n máa fi ṣírò, èyí tó péye jù nínú àkọsílẹ̀ ọ̀nà yẹn sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kí IGS, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń tọ́pa sátẹ́láìtì, tó gbé e jáde. Èyí tó ń jáde lọ́jọ́ kejì náà dára púpọ̀. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti orúkọ ITRF (ètò kódínéètì àgbáyé) tó wà lórí èsì sílẹ̀, torí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún.

Òǹkà_Ìgbì fèsì:
Èmi lọ́rọ̀ ìrọ̀lẹ́. Láàárín sátẹ́láìtì àti wa, ipele kan wà lókè tí oòrùn ti fi iná mànàmáná kún, ionosphere. Ó ń fa ìgbì sẹ́yìn. Ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá tó bá fi pẹ́, 30 cm nìyẹn lórí ilẹ̀. Rísífà tó ní L1 àti L2 lè fi méjèèjì wéra kó yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìdádúró náà. Àmọ́ nítòsí ìlà agbedeméjì mágínẹ́ẹ̀tì ayé, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru, ipele náà máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìgbì á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀, rísífà á pàdánù kíkà rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. L2 kò lè wo ìyẹn sàn. Ó sábà máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ó sì tún le sí i ní àwọn ọdún tí oòrùn bá gbóná jù, irú bíi 2024.

Oògùn rẹ̀ kò gba owó: ẹ kó iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì sí àárọ̀. Ẹ sì sún béèsì mọ́ iṣẹ́ tó bá ṣeé ṣe. Ìwé rísífà RTK sábà máa ń sọ 1 cm pẹ̀lú 1 ppm (mílímítà kan fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan). Kìlómítà 8 yín ń fi 8 mm kún un ní ọjọ́ tó dáa. Lọ́jọ́ tí ọ̀run bá ru, ohun tí béèsì ń rí àti ohun tí rófà ń rí kò ní jọra mọ́.

Kí ẹ tó gbà mí gbọ́ ṣá, ẹ ṣí ojú ìwé tó ń fi agbára sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan hàn, tí wọ́n ń kọ dB-Hz sí. Sátẹ́láìtì tó ga lókè yẹ kó wà ní nǹkan bí 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ apá kan ọ̀run nìkan ló lọ sí 35 tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, igi tàbí ilé ló dí i. Tó bá ń gòkè sọ̀ lálẹ́, tí ojú ibẹ̀ sì ṣí sílẹ̀, ionosphere nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá jọ lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi mọ́ èyí tó wà lókè orí yín gangan, ẹ wo wáyà, lẹ́yìn náà ẹ wo àyíká fún òpó rédíò tàbí ẹ̀rọ kan tó ń pariwo lórí ìgbì náà. Ẹ rìn kúrò níbẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tún wò ó.

Bíkìnì_Àtijọ́ fèsì:
Wọn ò tíì dá àbúrò lóhùn lórí gíga. Gbogbo sátẹ́láìtì tí a ń rí, òkè ni wọ́n wà, kò sí ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀ tó máa dì í mú láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe gíga fi ń tó ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì ti ìbú àti òró. Ìyẹn kò ní oògùn. Ṣùgbọ́n bí gíga yín bá fi ọ̀pọ̀ mítà yàtọ̀ sí ti òpó àtijọ́ tó wà níbẹ̀, àwòṣe geoid (bí ojú òkun ìbá ṣe rí lábẹ́ gbogbo ilẹ̀) ni kí ẹ wò. Gíga tí sátẹ́láìtì ń fúnni kì í ṣe gíga láti ojú òkun. Àwòṣe bíi EGM2008 ló ń yí ìkan sí ìkejì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì lè ju mítà 100 lọ níbòmíràn láyé. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ lo àwòṣe kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ilẹ̀ kọ pé:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí tí mo já lu ọ̀rọ̀. Ṣé fóònù tó ń gba ìgbì oríṣi méjì lè ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Ojúsánmà fèsì:
Kó lè mú yín dé ìtòsí òpó ààlà kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ wá a, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ààlà, rárá. Áńtẹ́nà inú fóònù kéré, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbì tó wá tààrà àti èyí tí ògiri ta padà bí áńtẹ́nà awọnlẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Galileo HAS, àtúnṣe tí Galileo ń fi ránṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023 náà, ọ̀fẹ́ ni, nǹkan bí 20 cm ni wọ́n fi lélẹ̀ fún un. Ó wúlò fún àwòrán ilẹ̀ oko, kò wúlò fún igun ilé.

Igun4 kọ pé:
Ẹ kú àánú mi. Mo ti wo ohun tí béèsì ń fi ránṣẹ́. Ìsọfúnni tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 1004, 1006 àti 1012 ni mo rí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo tan Galileo àti BeiDou lórí rófà, wọ́n sì ń hàn lójú ọ̀run, àmọ́ iye tó ń lò fún ìṣirò kò pọ̀ sí i rárá. Ọjọ́ orí àtúnṣe (bó ṣe pẹ́ tó láti ìgbà tó ti kúrò ní béèsì) sì máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá 12 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Òǹkà_Ìgbì fèsì:
Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lẹ dé yìí. 1004 jẹ́ GPS nìkan, 1012 jẹ́ GLONASS nìkan, 1006 ni kódínéètì béèsì pẹ̀lú gíga áńtẹ́nà. Rófà kò lè fi Galileo ṣe RTK tí béèsì kò bá sọ fún un ohun tí òun náà rí lára Galileo. Bí ọ̀gá yín bá ra rófà tuntun lónìí, iye sátẹ́láìtì tó máa lò kò ní fi ọ̀kan lé sí i.

Ẹ wọ ibi ètò béèsì, ẹ wá MSM, irú ìsọfúnni tó lè gbé ti gbogbo ètò sátẹ́láìtì. Ẹ yí i sí 1077 fún GPS, 1087 fún GLONASS, 1097 fún Galileo, 1127 fún BeiDou, kí ẹ jẹ́ kí 1006 wà bó ṣe wà. Tí dátà bá ń jẹ yín lówó, ẹ lo 1074, 1084, 1094 àti 1124, wọ́n fúyẹ́ jù, wọ́n sì tó fún RTK. Bí béèsì kò bá mọ Galileo rárá, ẹ kọ́kọ́ wá firmware (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) tuntun fún un, kí ẹ tún béèrè bóyá ó nílò kóòdù kan kí wọ́n tó ṣí i. Tí kò bá ṣeé ṣe lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, béèsì lẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀, kì í ṣe rófà.

Bí béèsì àti rófà kò bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, tí "Fixed" sì ń pẹ́, ẹ gbìyànjú kí ẹ pa GLONASS lẹ́yìn tí Galileo bá ti wọlé. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ tí ẹ ń rí lókè kì í lo ìgbì kan náà, rísífà méjì tó yàtọ̀ kì í sì í sábà gbọ́ wọn bákan náà.

Ti ìṣẹ́jú àáyá 12 yẹn: nẹ́tíwọ́kì fóònù ni. 1 sí 2 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ fi káàdì SIM míràn dán an wò níbi iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ tún wọ ètò rófà, kí ẹ ní kó má ṣe gba ojú kankan tí ọjọ́ orí àtúnṣe bá ti ju 5 lọ.